Wọ́n Mọ Àpò Rẹ̀, Wọn Kò Dárúkọ Rẹ̀: Àwọn Ilé Aṣọ Olówó Gọbọi àti Oníbàárà Ṣáínà

Fídíò kéékèèké mẹ́ta ni ilé aṣọ Dolce & Gabbana ti ilẹ̀ Ítálì gbé sórí ìtàkùn ayélujára ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018. Nínú wọn, omidan ọmọ Ṣáínà kan jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú aṣọ pupa tó ń dán yinrinyinrin, ó mú igi ìjẹun tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lọ́wọ́, irú èyí tí àwọn ará Ṣáínà fi ń jẹun láti ayébáyé. Oúnjẹ Ítálì ni wọ́n gbé kalẹ̀ níwájú rẹ̀: pizza nínú ọ̀kan, spaghetti nínú èkejì, àti cannoli, ìpápánu dídùn tí wọ́n ká róbótó, nínú ẹ̀kẹta. Omidan náà ń fi igi tọ́ oúnjẹ kiri, ó ń rẹ́rìn-ín ìtìjú, ohùn ọkùnrin kan sì ń kọ́ ọ bí yóò ṣe jẹ ẹ́ bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Nígbà tó kan cannoli, ohùn náà bi í léèrè bóyá kò ti tóbi jù fún un. Mo ti wo àwọn fídíò náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, n kò sì tí ì rí ibi tí ẹ̀rín wà nínú wọn.

Ìfẹ́ ni wọ́n pe ìpolówó ọ̀hún. Wọ́n ní àwọn fẹ́ràn Ṣáínà. Àfihàn oge ńlá kan ni wọ́n fẹ́ fi polówó, èyí tí wọ́n ti ṣètò fún alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù náà ní Shanghai. Inú ti ń bí àwọn ènìyàn kí ọjọ́ tó pé. Nígbà tí ọjọ́ sì pé, ọ̀rọ̀ èébú sí Ṣáínà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tàn ká, tí wọ́n ní orí Instagram Stefano Gabbana ló ti wá. Ilé aṣọ náà ní àwọn ọ̀daràn ló gba ìkànnì náà mọ́ àwọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dúró gbọ́. Òṣèrébìnrin Zhang Ziyi àti àwọn gbajúmọ̀ mìíràn kẹ̀yìn sí wọn, àwọn ọmọge tí ìbá fi aṣọ yan kọ̀ láti yan, àfihàn náà sì forí ṣánpọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò pẹ́ tí àwọn ọjà ńláńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Tmall àti JD.com fi yọ ẹrù wọn kúrò lórí àtẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, Domenico Dolce àti Gabbana jókòó níwájú kámẹ́rà, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì fi èdè Ṣáínà parí rẹ̀: duìbuqǐ. Ẹyin lohùn, èyí ti balẹ̀.

Ó rọrùn láti ka gbogbo rẹ̀ sí àìnírònú àwọn oníṣòwò méjì kí a sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye owó tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Kí àrùn kòrónà tó dé, ilé-iṣẹ́ Bain, tó máa ń ṣírò ọjà àwọn nǹkan olówó gọbọi lọ́dọọdún, fojú bù ú pé nínú gbogbo owó tí aráyé ń ná sórí irú aṣọ, báàgì, bàtà àti ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ń ti ọwọ́ àwọn ọmọ Ṣáínà wá, yálà wọ́n rà á nílé tàbí wọ́n rà á nígbà tí wọ́n rìnrìn àjò lọ sí Paris tàbí Milan. Ta ló ń rí irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ tí kò ní fara balẹ̀ mọ̀ ọ́n? A kò sì lè sọ pé wọn kò mọ̀ ọ́n rárá. Wọ́n mọ iye tó wà lápò rẹ̀, wọ́n mọ ìgbà tó ń ná an, wọ́n mọ òṣèré tó fẹ́ràn jù. Ibi tí mo rí i pé wọ́n ti ń fẹsẹ̀ kọ ni pé wọn kì í bi í léèrè ohun tí àwọn nǹkan ilé bàbá rẹ̀ túmọ̀ sí fún un kí wọ́n tó gbé e sára ọjà tí wọ́n fẹ́ tà fún un.

Nígbà kan, ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò pọn dandan. Ní ọdún 1979, Pierre Cardin kó àwọn ọmọge wá fi aṣọ yan ní Beijing, níwájú àwọn òǹwòran tí púpọ̀ nínú wọn wọ kóòtù búlúù tàbí aláwọ̀ eérú tí gbogbo ìlú ń wọ̀ nígbà náà. Ní 1992, Louis Vuitton ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú hòtẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú yẹn. Ní 2007, Fendi tẹ́ pèpéle tó gùn ní mítà 88 sórí Ògiri Ńlá Ṣáínà, ọmọge 88 sì rìn lórí rẹ̀, nítorí pé ẹẹ́jọ jẹ́ nọ́ńbà oríire fún àwọn ará ibẹ̀. Ohun tí oníbàárà ń rà ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni òkèèrè fúnra rẹ̀. Ó fẹ́ kí ó hàn gbangba pé láti Paris ni báàgì náà ti wá. Bí orúkọ ilé-iṣẹ́ bá ṣe tóbi tó lára rẹ̀ ni ó ṣe dára tó.

Nígbà tí oníbàárà wá pọ̀ sí i, tí ọjọ́ orí wọn sì ń kéré sí i, àwọn ilé aṣọ náà pinnu láti fi ohun Ṣáínà bá Ṣáínà sọ̀rọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é kò gba ìrònú púpọ̀. Àwọn ará Ṣáínà ní ẹranko méjìlá tí wọ́n fi ń ka ọdún yípo. Ọdún ajá dé, ajá hàn lára báàgì. Ọdún ẹlẹ́dẹ̀ dé, ẹlẹ́dẹ̀ hàn lára agogo ọwọ́. Ọdún eku dé, ẹ ti mọ èyí tó kù. Fún ọdún tuntun Ṣáínà ní 2015, Burberry fi òwú pupa kọ àmì fú, tó túmọ̀ sí ìbùkún àti oríire, sára ìborùn rẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀. Àmì yìí ni àwọn ará Ṣáínà máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé wọn nígbà ọdún. Ó dájú pé lójú àwọn tó wà ní London, ẹ̀yẹ ni wọ́n ṣe. Lójú àwọn ọ̀dọ́ Ṣáínà, ńṣe ni ìborùn náà wá dà bí ayédèrú, wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Mo rí ọgbọ́n nínú yẹ̀yẹ́ yẹn. Ẹni tó fẹ́ ìborùn Burberry ń fẹ́ ìborùn Burberry. Ẹni tó sì fẹ́ fú ní ìyá àgbà nílé tó lè gé e láti ara bébà pupa fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní 2020, ó kan Balenciaga. Àjọ̀dún Qixi, tí í ṣe ọjọ́ olólùfẹ́ àwọn ará Ṣáínà, ni wọ́n ṣe báàgì fún, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ní èdè Ṣáínà gàdàgbà sára rẹ̀, wọ́n sì gbé àwòrán ìpolówó tó ń pariwo jáde, tí àwọn tó rí i fi ní ìgbà àtijọ́ ni wọ́n rò pé Ṣáínà ṣì wà. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nínú ọ̀ràn yìí, kò jọ pé ẹnikẹ́ni wo ilé kankan.

Bí ó bá jẹ́ àìmọ ohun tó rẹwà nìkan ni, ẹ̀rín ni à bá fi parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè àtijọ́ wà nínú ìbáṣepọ̀ yìí, kò sì sí ilé aṣọ tí ìtàn rẹ̀ fi í hàn bíi ti Yves Saint Laurent.

Ní 1977, Saint Laurent ṣe ọ̀wọ́ aṣọ kan tó gbé karí Ṣáínà, fìlà ṣóńṣó àti sílíìkì aláwọ̀ wúrà, tí gbogbo Paris sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò tí ì fẹsẹ̀ tẹ Ṣáínà rí nígbà náà. Inú ìwé àti inú ọkàn ara rẹ̀ ló ti rí i. N kò bá a jà lórí ìyẹn, nítorí pé ọkàn oníṣẹ́ ọnà kì í gba físà. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan náà ó gbé lọ́fínńdà tuntun jáde, ó sì sọ ọ́ ní Opium. Oògùn olóró tó ń jẹ́ orúkọ yìí ni àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ń kó láti Íńdíà wọ Ṣáínà ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí ìjọba Ṣáínà ní òun kò fẹ́ ẹ mọ́, ogun ló dá sílẹ̀, láti 1839 sí 1842, òmíràn sì tẹ̀lé e láti 1856 sí 1860. Orúkọ tó ń dún bí adùn àti àlá létí àwọn ará Paris ni orúkọ ohun tó sọ àìmọye ìdílé di ahoro ní Ṣáínà. Nígbà tí lọ́fínńdà náà dé Amẹ́ríkà, inú ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Peking ni wọ́n ti ṣe àríyá rẹ̀ ní New York. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí ìran wọn ti Ṣáínà wá fẹ̀hónú hàn, wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ náà yí orúkọ rẹ̀ padà. Wọn kò yí i padà. Ó ṣì wà lórí àtẹ títí di òní.

Ogun kejì yẹn ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ eku àti ehoro. Ní 1860, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé wọ Yuanmingyuan, ọgbà ààfin ọba tó wà nítòsí Beijing, wọ́n kó o ní ìkógun, wọ́n sì dáná sun ún. Nínú ọgbà náà ni orísun omi kan wà tí wọ́n fi orí ẹranko méjìlá ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, àwọn ẹranko tí wọ́n fi ń ka ọdún tí mo sọ lókè yẹn, tí wọ́n fi idẹ rọ. (Àwọn àlùfáà Yúróòpù tó ń sin ọba Qianlong ló bá a ṣètò orísun omi yìí. Nígbà náà, àlejò ń béèrè lọ́wọ́ onílé.) Àwọn orí náà fọ́n káàkiri ayé. Orí eku àti orí ehoro wá bọ́ sọ́wọ́ Saint Laurent àti Pierre Bergé, ẹnìkejì rẹ̀ nínú iṣẹ́ àti nínú ayé.

Lẹ́yìn ikú Saint Laurent ní 2008, Bergé ní kí ilé gbàǹjo Christie's tà wọ́n. Àwọn agbẹjọ́rò tó ń jà fún Ṣáínà gbìyànjú láti dá a dúró, ilé ẹjọ́ ní Paris kọ̀. Bergé fúnra rẹ̀ ní òun yóò dá wọn padà bí ìjọba Ṣáínà bá lè bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ọ̀rọ̀ gidi lè wà nínú ohun tó sọ nípa ìjọba náà, ṣùgbọ́n mo ṣì ń wá ibi tí ẹni tí ẹrù olóhun wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti gba àṣẹ láti kọ́ olóhun ní ìwà kí ó tó dá a padà. Ní oṣù Kejì 2009, ẹnì kan pe owó láti orí tẹlifóònù, ó borí gbogbo wọn. Fún orí méjèèjì, owó náà lé ní mílíọ̀nù 31 yúrò. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ló fara hàn: Cai Mingchao, ọmọ Ṣáínà tó ń ṣòwò ohun àtijọ́. Ó ní òun kò ní san kọ́bọ̀.

Ọ̀ràn náà wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ní 2013, ìdílé Pinault ti ilẹ̀ Faransé gba àwọn orí náà, wọ́n sì fi wọ́n ta Ṣáínà lọ́rẹ. Ìdílé yìí ló ni Christie's. Àwọn náà ló ń darí ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ Kering, tó ni Gucci, Balenciaga àti, ẹ gbọ́ o, Saint Laurent fúnra rẹ̀. Oṣù díẹ̀ ṣáájú, wọ́n ti ra Qeelin, ilé ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Hong Kong. Lọ́dún kan náà, Christie's gba ìwé àṣẹ láti máa ṣe gbàǹjo tirẹ̀ ní Shanghai. N kò ní sọ pé orí eku ni wọ́n fi ra ìwé àṣẹ. Kò sẹ́ni tó fi ìyẹn hàn. Ohun tí mo rí ni pé ìbéèrè tí ìjọba àti ilé ẹjọ́ kò lè dáhùn, àwọn tó fẹ́ tajà ní Beijing rí ìdáhùn sí i.

Láìmọ ìtàn yìí, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Dior ní 2022 yóò dà bí àsọdùn. Síkẹ́ẹ̀tì dúdú kan ni Dior gbé jáde: ó tẹ́ pẹrẹsẹ níwájú, ó ní ìṣẹ́po ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, owó rẹ̀ sì jẹ́ yuan 29,000. Dior ní àrà tí a fi ń dá ilé Dior mọ̀ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wo aṣọ ayé ìjọba Ming àti Qing rí mọ ohun tó jẹ́: mamianqun ni, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ síkẹ́ẹ̀tì ojú ẹṣin. Bí ẹnì kan bá rán agbádá ní Paris lónìí, tó sì ní ilé òun ló dá àrà náà, ẹ̀yin náà kò ní nílò ẹni tí yóò túmọ̀ ìbínú yẹn fún yín. Ní oṣù Keje, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Ṣáínà kóra jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù Dior ní Champs-Élysées, wọ́n gbé pátákó dání pé aṣọ àbáláyé Ṣáínà ni.

Ẹ fi èyí wé ti Dolce & Gabbana. Ní 2018, ẹ̀sùn náà ni pé wọ́n fi ènìyàn ṣẹ̀sín. Ní 2022, kò sẹ́ni tó fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Síkẹ́ẹ̀tì náà rẹwà, wọ́n sì rán an dáadáa. Ẹ̀sùn wọn ni pé: ẹ kò dárúkọ wa. Ìbínú ẹni tó mọ ohun tó ní nìyẹn, tí kò sì dúró kí ẹnikẹ́ni láti òkèèrè wá sọ fún un pé ó dára. Fún èmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti yí padà, ọ̀pọ̀ ilé aṣọ kò sì tètè rí i.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé abẹ́ òrùlé Dior gan-an ni ẹni tó rí i wà. LVMH tó ni Dior náà ló ni Loewe, ilé aṣọ ti ilẹ̀ Sípéènì. Ní 2023, Loewe fi àwọ̀ tánńganran ayé ìjọba Ming àti Qing, àwọn tó jẹ́ aláwọ̀ kan ṣoṣo, pa àwọn báàgì rẹ̀ láró. Wọ́n wá Deng Xiping lọ sí Jingdezhen, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe tánńganran fún ààfin láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n bá àgbà náà ṣiṣẹ́, wọ́n dárúkọ rẹ̀, wọ́n sì fi owó ti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà lẹ́yìn ní yunifásítì ìlú yẹn. Fún ọdún dírágónì tó tẹ̀lé e, nígbà tí àwọn yòókù ń ya dírágónì sára síwẹ́tà, Loewe ní kí àwọn àgbà agbẹ́kúta Ṣáínà gbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ọrùn láti ara òkúta jéèdì. Prada pẹ̀lú ra sùúrù. Ọdún mẹ́fà ni ó fi tún ilé ńlá kan ṣe ní Shanghai, ilé Rong Zongjing, oníṣòwò ìyẹ̀fun, tí wọ́n kọ́ ní 1918. Ó ṣí i ní 2017, ó sì ń lò ó fún àfihàn iṣẹ́ ọnà.

Ìbọ̀wọ̀ kò ní kí ọjà tà dandan, ó yẹ kí a sọ ìyẹn náà. Hermès ṣe ju gbogbo wọn lọ: ó bá oníṣẹ́ ọnà Jiang Qiong'er dá Shang Xia sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ ti Ṣáínà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní Shanghai ní 2010. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lẹ́wà. Síbẹ̀, ní ìparí 2020, Hermès jọ̀wọ́ ìpín tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún Exor, ilé-iṣẹ́ ìdílé Agnelli ti Ítálì.

N kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo ìbínú tó ń ti Ṣáínà jáde ló ti inú oníbàárà wá. Ní 2019, Versace tẹ ẹ̀wù kan tó kọ Hong Kong àti Macau bí ẹni pé wọn kò sí lábẹ́ Ṣáínà. Òṣèrébìnrin Yang Mi já àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú wọn, Donatella Versace sì tọrọ àforíjì. Irú rẹ̀ bá Coach àti Givenchy láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní 2021, nítorí ọ̀rọ̀ òwú Xinjiang àti ẹ̀sùn pé wọ́n ń fi ipá mú àwọn ará Uyghur ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Zhou Dongyu fi Burberry sílẹ̀. Nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ẹnu kò yàtọ̀ sí ẹnu, n kò sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé mo mọ èyí tó jẹ́ ti ará ìlú àti èyí tó jẹ́ ti ìjọba. Ọmọbìnrin tó gbé pátákó ní Champs-Élysées nítorí síkẹ́ẹ̀tì kò yẹ kí a kà mọ́ wọn.

Ọjà pàápàá ti yí báyìí. Bain fojú bù ú pé ní 2024, títà nǹkan olówó gọbọi ní Ṣáínà fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún dín kù. Ọrọ̀ ajé tó dẹnu kọlẹ̀ àti iye ilé tó já wálẹ̀ ló fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí a gbé e ka Dior lórí. Ṣùgbọ́n owó tó kù ń rí ibòmíràn lọ. Ilé-iṣẹ́ Laopu Gold, tó ń ta wúrà tí wọ́n ṣe ní ìlànà àwọn alágbẹ̀dẹ àtijọ́, wọ ọjà ìpín ìdókòwò Hong Kong ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, èrò sì ń tò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ní 2025, Louis Vuitton kọ́ ṣọ́ọ̀bù bí ọkọ̀ ojú omi ràgàjì sí àárín Shanghai, àwọn ènìyàn sì ń lọ ya fọ́tò níbẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀yẹ ni fún Shanghai gẹ́gẹ́ bí ìlú èbúté. Òótọ́ ni, ìlú èbúté ni. Lẹ́yìn ogun 1842 ni wọ́n fi ipá ṣí èbúté náà fún ọkọ̀ òkèèrè.

Ní ti síkẹ́ẹ̀tì ojú ẹṣin, ó ti padà sí ìgboro. Caoxian, àgbègbè àwọn àgbẹ̀ ní Shandong, ti di ojúkò ibi tí wọ́n ti ń rán aṣọ àbáláyé, àwọn ọmọbìnrin sì ń wọ mamianqun lọ sẹ́nu iṣẹ́ àti sínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n ń fi ṣẹ́ẹ̀tì funfun lásán sókè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tó yuan 500, orúkọ tí wọ́n sì fi ń tà á ni mamianqun.